Abẹ́rẹ́ Tí Kì Í Kúrò ní Ìdajì

Lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù kan ni ọkọ̀ ìjàpá Àlájà dákẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ lójú ọ̀nà. Ìgbà àkọ́kọ́, nítòsí Ìjù ni. Àwọn ọlọ́kadà ló bá a tì í sí ẹ̀gbẹ́ títì. Ìgbà kejì, àárín àwọn tírélà tó ń jáde láti Sáńgò ló dákẹ́ sí, ní ọ̀sán gangan, tí àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń fọn fèrè bí ẹni pé obìnrin náà mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Lẹ́ẹ̀mejèèjì, epo ló tán. Lẹ́ẹ̀mejèèjì náà, abẹ́rẹ́ géèjì epo ń tọ́ka sí ìdajì táǹkì.

Ilé Àlájà ló tẹ̀ lé tèmi, lẹ́yìn ọjà Ọ̀tà. Agbẹ̀bí ni, ó ti fẹ̀yìn tì tipẹ́. Kò sí àdúgbò tó lè gbà kọjá tí géńdé kan kò ní dọ̀bálẹ̀ kí ó sì sọ pé ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n bí òun sí. Ọkọ rẹ̀, Alàájì, ló ni ọkọ̀ ìjàpá náà. Oníṣẹ́ iná mànàmáná ni Alàájì ní ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ kan ní Sáńgò kí ilé-iṣẹ́ náà tó kógbá sílé. Ó ti tó ọdún méjì tó ti kú, lójijì, láàárín ọjọ́ kan péré. Láti ìgbà náà ni Àlájà fúnra rẹ̀ ti ń wa ọkọ̀ náà, ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, lọ sí Adó-Odò láti lọ wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tí ojú rẹ̀ ti fọ́. Ìyá yẹn máa ń gbọ́ ìró ọkọ̀ náà kí ó tó yà sí àdúgbò wọn. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì ìjàpá wà, kò ní omi nínú, afẹ́fẹ́ ló ń tù ú, nítorí náà ìró rẹ̀ kò jọ ti mọ́tò mìíràn. Bí ó bá ti gbọ́ ọ, á ní kí wọ́n gbé omi tíì ka iná.

Ní tèmi, olùtọ́jú sítọ́ọ̀ ni mí ní ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe ìdérí ìgò. N kò kọ́ṣẹ́ mẹ́káníìkì lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ìwé ni mo kà, fídíò ni mo wò, mo sì tú ohun tí n kò mọ̀ títí mo fi mọ̀ ọ́n. Mo ní ọkọ̀ ìjàpá tèmi náà, àmọ́ ó ti lo ọdún mẹ́rin lórí búlọ́ọ̀kù, nítorí mo fẹ́ kí gbogbo súkúrù ara rẹ̀ jẹ́ irú èyí tó bá a ti ilé-iṣẹ́ wá gan-an. Àlájà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Ẹnjiníà," ó wí nígbà tí mo wọlé, "ẹni tí mọ́tò tirẹ̀ jókòó lórí búlọ́ọ̀kù ni wọ́n ní kó wá wo tèmi."

"Àlájà, ẹni tó bá tọ́jú aláìsàn fún ọdún mẹ́rin, ṣé kò ti di dókítà?"

"Bí aláìsàn náà bá dìde ni."

Àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin jókòó tì í. Èkó ló ń gbé, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yìí ló sì gbé e wá. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó fẹ́ràn ìyá rẹ̀, ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣòro láti bá jà nìyẹn. Ó ní ọkùnrin kan ní Abẹ́òkúta fẹ́ ra ọkọ̀ náà, kí ó gbé e sí iwájú òtẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kí àwọn àlejò máa yàwòrán níbẹ̀. Òun yóò wá gba awakọ̀ tí yóò máa gbé Màmá lọ sí Adó-Odò nínú mọ́tò mìíràn.

"Lẹ́ẹ̀mejì, àbúrò mi," ó wí fún mi. "Ẹ̀ẹ̀kan, kò sẹ́ni tí kò lè gbàgbé ra epo. Ẹ̀ẹ̀kejì ńkọ́? Bí tírélà bá ti gbá wọn ńkọ́?"

"N kò gbàgbé," Àlájà wí. "Tẹ́lẹ̀, gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni mo ń ra epo; láti ìgbà tó ti wọ́n ni mo ti ń dúró de abẹ́rẹ́. Mo wo abẹ́rẹ́. Ìdajì ló wà."

"Màmá, abẹ́rẹ́ ti bàjẹ́, gbogbo wa gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ra epo ló yẹ kó mọ ìgbà tí òun rà á kẹ́yìn."

Àlájà ń na etí ìbòrí rẹ̀, ó ń ká a, ó tún ń nà án. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ kò sí lórí mọ́tò mọ́. Obìnrin tó ti lo ayé rẹ̀ ní mímọ wákàtí tí ìrọbí bẹ̀rẹ̀ àti ìṣẹ́jú tí ọmọ ké, òun ni wọ́n ń wò bóyá iyè rẹ̀ ṣì pé.

Mo bẹ ọmọ rẹ̀ náà, ẹ̀gbọ́n ni mo ń pè é, pé kí ó jẹ́ kí n tún géèjì náà ṣe kí ó tó pe ọkùnrin Abẹ́òkúta. Ó wo ìyá rẹ̀, ó wò mí.

"Ó dáa. Bí kò bá dákẹ́ mọ́, n kò ní sọ̀rọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá tún dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má bẹ̀ mí."

Iwájú ni táǹkì epo ìjàpá wà, níbi tí àwọn mọ́tò mìíràn ń gbé ẹ́ńjìnnì sí. Súkúrù márùn-ún ni wọ́n fi de nǹkan kan mọ́ orí rẹ̀. Fílóòtù ni àwọn mẹ́káníìkì ń pè é. Apá irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti ara rẹ̀ wọ inú táǹkì, ike kan wà ní orí irin náà tó ń léfòó lórí epo. Bí epo bá ti ń lọ sílẹ̀ ni ike ń bá a lọ sílẹ̀, tí apá irin náà sì ń họ ara wáyà kan tó tín-ín-rín bí irun. Bí epo bá kún, iná á rí ọ̀nà kọjá geerege. Bí epo bá tán, ọ̀nà á há mọ́ ọn. Wáyà kan ṣoṣo ló ń gbé ìròyìn náà láti orí táǹkì lọ sí ẹ̀yìn aago tó wà níwájú awakọ̀, ibẹ̀ ni abẹ́rẹ́ wà. Ẹni tó bá ronú sí i á rí i pé iṣẹ́ ọlọgbọ́n ni, kò sì le.

Mo kọ́kọ́ tú bátìrì, èyí tó wà lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn, nítorí ẹni tó fẹ́ ṣí táǹkì epo kò gbọ́dọ̀ fi iná sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Mo gbé páálí tó bo táǹkì kúrò, mo tú súkúrù márààrún, mo tẹ fílóòtù náà sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀ kí apá rẹ̀ má baà há, mo sì fà á jáde. Wáyà tín-ín-rín inú rẹ̀ ti já sí méjì. Inú mi dùn bí ẹni rí owó he. Mo gbé e lọ fún Àlájà lórí rágì.

"Ẹ wò ó. Ẹlẹ́rìí yín nìyí."

"Ẹlẹ́rìí tó ti kú," ó wí, ṣùgbọ́n ó gbà á, ó sì wò ó fún ìgbà pípẹ́.

Ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta lẹ́yìn iṣẹ́ ni mo fi wá òmíràn kiri ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà mọ́tò àlòkù ní Sáńgò. Òkè àpótí kan ni mo ti rí i, lábẹ́ àwọn ilẹ̀kùn mọ́tò àtijọ́. Kí n tó gbà á, mo fi mítà tí a fi ń wọn iná wọ̀n ọ́n níbẹ̀. Nígbà tí apá rẹ̀ wà nísàlẹ̀ pátápátá, mítà sọ mẹ́tàléláàádọ́rin. Nígbà tó dé òkè, ó sọ mẹ́wàá. Iye tí ìwé sọ nìyẹn, kò fi ẹyọ kan lé, kò fi ẹyọ kan dín. Ẹni tó ń tà á ní òun kò tíì rí ẹni tó fi wákàtí kan ra ohun tó kéré báyìí rí.

Ó ku wọ́ṣà tí yóò wà láàárín fílóòtù àti táǹkì kí epo má baà máa yọ. Bàbá kan wà tó ní ṣọ́ọ̀bù onípákó lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ wa, iná mọ́tò ló ń tún ṣe. Rewáyà ni gbogbo wa ń pè é, bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo àwọn oníṣẹ́ rẹ̀. Kò ka ìwé kankan, kò sì fẹ́ràn àwọn tó ń kà á.

"Ẹ gé e lára tíúbù táyà," ó wí.

"Epo á mú kí tíúbù wú, bàbá."

"Ó ti ń wú látìgbà tí wọ́n ti bí yín, mọ́tò sì ń rìn."

Mo ra bébà dúdú tí epo kì í jẹ, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe wọ́ṣà ẹ́ńjìnnì. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì rewáyà, mo sì ń gé e. Ihò márààrún orí táǹkì ìjàpá kò jìnnà síra wọn bákan náà. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni fílóòtù lè gbà jókòó, kí ẹnikẹ́ni má baà dè é sódì. Mo wọn àlàfo kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì. Rewáyà tún mọ́tò méjì ṣe kí n tó parí.

"Ọ̀gá sítọ́ọ̀," ó wí, "tí ẹ bá ti parí wọ́ṣà yẹn, ẹ jẹ́ ká pe lẹ́mọ́mù kó wá sọ ọ́ lórúkọ."

Mo de fílóòtù náà ní ọjọ́ Sátidé. Táǹkì ìjàpá ń gba nǹkan bí ogójì lítà. Mo fi kẹ́ẹ̀gì onílítà márùn-ún bu epo sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, mo dá bátìrì padà, mo ṣí kọ́kọ́rọ́. Abẹ́rẹ́ géèjì ìjàpá kì í fò. Ó máa ń gòkè díẹ̀díẹ̀ bí àgbàlagbà tó ń dìde lórí ẹní. Ó gòkè, ó dé orí ìlà ìdajì, ó sì dúró síbẹ̀. Ogún lítà nínú ogójì, ìdajì. Mo pa kọ́kọ́rọ́, mo tún ṣí i. Ìdajì. Mo ya àwòrán rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n ní Èkó. Mo sọ fún Àlájà pé kí ó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu rárá títí abẹ́rẹ́ yóò fi sún mọ́ pupa.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ kejì, ó fi ohùn ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Mo wà nínú sítọ́ọ̀, wọ́n ń já ẹrù.

"Ẹnjiníà, ẹ kú iṣẹ́ o. Abẹ́rẹ́ rẹ yìí, ibi tó o fi sí ló ṣì wà. Mo lọ sí Adó-Odò lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bọ̀. Mo lọ lónìí, mo bọ̀. Kò kúrò lójú kan. Ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn?"

Mo rẹ́rìn-ín. Èmi náà fi ohùn tèmi ránṣẹ́ padà: "Àlájà, ìjàpá kì í jẹ epo bíi mọ́tò ayé ìsinsìnyí. Ẹ fọkàn balẹ̀."

Ní Ọjọ́bọ̀ kẹta, ọkọ̀ náà dákẹ́ ní Alapoti, kò tíì dé Adó-Odò. Ìdajì ni abẹ́rẹ́ wà.

Ẹ̀gbọ́n ló wá láti Èkó pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì epo láti lọ gbé ìyá rẹ̀. Kò pariwo mọ́ mi lórí fóònù. Ó ní, "Àbúrò mi, o ṣeun. O gbìyànjú. Ọkùnrin Abẹ́òkúta ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé."

Nígbà tí mo dé ilé Àlájà ní ìrọ̀lẹ́, ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò tíì bọ́ bàtà.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní kí wọ́n gbé omi ka iná," ó wí. "Omi ń gbẹ. Ó ní kí wọ́n tún bu òmíràn."

Ó yí ojú sí mi.

"Mo sọ fún ọ pé kò kúrò lójú kan."

"Ẹ sọ fún mi, Àlájà."

"Ṣé mo sọ ọ́ lóòótọ́? Àbí ó kàn ń ṣe mí bíi pé mo sọ ọ́?"

Ìbéèrè yẹn dùn mí ju ohun gbogbo tí ó ti ṣẹlẹ̀ lọ. Kì í ṣe ọmọ rẹ̀ nìkan ló ń ṣiyèméjì nípa rẹ̀ mọ́. Mo yọ fóònù, mo wá ohùn náà, mo gbé e fún un kó gbọ́. Ó tẹ́tí sí ara rẹ̀ dé òpin. Ohùn tèmi náà tẹ̀ lé e, pẹ̀lú ẹ̀rín inú rẹ̀. Ó ní kí n tún un gbé. Mo tún un gbé.

"Hẹn-ẹn," ó wí. Ó bọ́ bàtà rẹ̀.

Mo gba àyè níbi iṣẹ́ ní ọjọ́ kejì. Ṣọ́ọ̀bù rewáyà ni mo kọ́kọ́ yà sí. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀: fílóòtù tó já, iye tí mítà sọ, ogún lítà, ìdajì. Ó ń bó wáyà lẹ́nu nígbà tí mo ń sọ̀rọ̀, kò gbójú sókè.

"Ẹ yọ wáyà orí táǹkì wò?"

"Láti wo kí ni?"

Ó wá gbójú sókè. "Ọ̀gá sítọ́ọ̀. Bí ẹ bá yọ wáyà yẹn, abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ ṣubú. Bí ẹ bá fi ẹnu rẹ̀ kan ara mọ́tò, abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ lọ sókè pátápátá. Bí kò bá ṣubú, tí kò sì gòkè, a jẹ́ pé ẹlòmíràn ló ń bá a sọ̀rọ̀."

Ohun tí kò gba ìṣẹ́jú kan nìyẹn. Mo wọn fílóòtù, mo wọn epo, mo wọn àlàfo ihò wọ́ṣà. Wáyà tó so wọ́n pọ̀ nìkan ni n kò wò. Ogún lítà tí mo fi ìgbéraga bù, bí ó bá jẹ́ mẹ́wàá tàbí ọgbọ̀n ni mo bù, ǹ bá ti rí àṣìṣe náà lójú ẹsẹ̀.

"Ṣé ẹ ó bá mi lọ, bàbá?"

"Rárá o. Ẹ lọ bi ìwé yín." Ṣùgbọ́n ó fún mi ní téèpù dúdú rẹ̀, ó ní kí n dá a padà.

Nígbà tí mo dé ilé Àlájà, ó gbé àpótí ìjókòó jáde, ó jókòó sí iwájú ọkọ̀ bí ó ṣe máa ń jókòó ti àwọn aboyún nígbà kan rí. Mo ní kí ó wọlé ṣí kọ́kọ́rọ́, kó sì máa sọ ohun tí abẹ́rẹ́ ń ṣe fún mi. Mo yọ wáyà orí táǹkì.

"Ìdajì," ó wí láti inú ọkọ̀.

Mo fi ẹnu wáyà náà kan irin ara ọkọ̀.

"Ìdajì."

Mo ní kí ó pa kọ́kọ́rọ́. Mo yọ páálí tó bo ẹ̀yìn aago, mo tan iná fóònù síbẹ̀. Wáyà tó ti orí táǹkì wá wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò kan nǹkankan. Wọ́n ti ká a, wọ́n ti dì í lẹ́nu, wọ́n sì so ó sápá kan ní mímọ́ tónítóní. Níbi tó yẹ kó wà, nǹkan funfun kan bíi ègé ṣọ́ọ̀kì ló wà níbẹ̀, kò gùn ju èékánná àtàǹpàkò lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan lára abẹ́rẹ́, èkejì lára súkúrù ara ọkọ̀. Àwọn tó ń tún rédíò ṣe máa ń lo irú rẹ̀ láti dín agbára iná kù. Mo fi mítà wọ̀n ọ́n. Iye tí fílóòtù máa ń sọ bí táǹkì bá wà ní ìdajì gan-an ló sọ. Yálà epo wà tàbí kò sí, ìdajì ni yóò máa wí títí ayé.

"Àlájà," mo wí, "oníjìbìtì kan ló ṣe èyí. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nìyẹn bí wọ́n bá fẹ́ ta ọkọ̀ tí géèjì rẹ̀ ti kú fún ẹni tí kò mọ̀."

"Gbé e wá."

Ó fi awò ojú rẹ̀ sí. Kò wo nǹkan funfun náà rárá. Ibi tí wọ́n ti so ó ló ń wò. Ó fi èékánná ṣí téèpù tí wọ́n fi wé e díẹ̀. Òwú funfun ló wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n wé e yípo yípo, wọ́n sì ta á ní kókó kékeré lẹ́nu.

"Kì í ṣe oníjìbìtì," ó wí. "Alàájì ni."

Gbogbo wáyà ilé yẹn ló ní òwú lábẹ́ téèpù. Ó mú mi wọ ilé ìdáná, ó fi ti gílóòbù hàn mí. Alàájì gbà pé téèpù nìkan á ṣí bí ooru bá mú, nítorí náà òwú ló ń kọ́kọ́ wé.

A padà síta. Ó ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, ó ń dúró, ó ń rántí. Ní àkókò ọ̀wọ́n epo kan, òun àti ọkọ rẹ̀ máa ń jà nítorí abẹ́rẹ́ yẹn. Bí ó bá ti sún mọ́ pupa, Àlájà kò ní lè sọ̀rọ̀ mọ́ nínú ọkọ̀ títí wọn yóò fi rí epo rà.

"Mo ti fẹsẹ̀ rìn lọ gbẹ̀bí rí nítorí epo tán," ó wí. "Mo pẹ́ kí n tó débẹ̀." Ó ká etí ìbòrí rẹ̀, ó nà án.

Lẹ́yìn náà ni abẹ́rẹ́ ṣubú sórí pupa tí kò dìde mọ́. Mo mọ̀ pé ìgbà yẹn ni fílóòtù já. Alàájì wá òmíràn títí, kò rí. Ní ọjọ́ kan, ó ní òun ti tún un ṣe.

"Láti ọjọ́ yẹn, pupa kò yọ sí mi lójú mọ́. Mo ní ọkọ mi ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ra epo."

"Báwo ni Alàájì fúnra wọn wá ṣe ń mọ iye tó wà nínú táǹkì?"

Ó rò ó. Ó dìde, ó wọ yàrá, mo sì gbọ́ tí fèrèsé kan sọ̀ kalẹ̀ gbì. Ó mú ọ̀pá tó fi ń gbé fèrèsé náà dúró jáde. Ọ̀pá pẹlẹbẹ ni, ó gùn tó apá mi, wọ́n fi ọ̀bẹ gé àmì mẹ́jọ sára rẹ̀.

"Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná ló máa ń wà. Kí ó tó lọ kírun àsùbáà, á mú un dání jáde. Mo rò pé ajá ló fi ń lé."

Àmì mẹ́jọ. Ogójì lítà. Lítà márùn-ún márùn-ún.

Àlájà bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín débi tó fi di àpótí ìjókòó mú. Lẹ́yìn náà ẹ̀rín náà lọ, ó sì fi àtàǹpàkò gba orí àwọn àmì náà kọjá, lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Kò fẹ́ kí ẹ̀rù máa bà mí," ó wí. "Ẹni rere ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù yẹn, mo nílò rẹ̀."

Mo tú ẹnu wáyà táǹkì, mo so ó padà síbi tí ilé-iṣẹ́ fi í sí. Mo ní kí ó ṣí kọ́kọ́rọ́. Abẹ́rẹ́ gòkè díẹ̀ bíntín, ó sì jókòó sórí pupa, nítorí epo kẹ́ẹ̀gì tí ẹ̀gbọ́n gbé wá nìkan ló kù nínú rẹ̀.

"Òun nìyí," Àlájà wí, bí ẹni tó rí ojúlùmọ̀ kan tí wọn kò rẹ́ dáadáa.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n dé ní àárọ̀ Sátidé, kẹ́ẹ̀gì epo ti tò sí iwájú ọkọ̀. Mo sọ fún un pé ìgbà kẹta yẹn, èmi ni mo jẹ̀bi, kì í ṣe ìyá rẹ̀. Mo gbé ohùn náà fún un. Ó gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀, ó gbọ́ tèmi. Ó wá gba ọ̀pá náà lọ́wọ́ mi, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún.

"Ọ̀pá yìí ni wọ́n fi nà mí nígbà tí mo sá nílé-ìwé," ó wí. "Mo ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi pé pàṣán bàbá mi ń rùn bí epo mọ́tò. Wọ́n ní irọ́ ni mo ń pa."

Mo ń bu epo, òun ń ki ọ̀pá bọ táǹkì, Àlájà ń ka abẹ́rẹ́ láti inú ọkọ̀. Ọ̀pá àti abẹ́rẹ́ jọ ń gòkè. Ní òkè pátápátá, abẹ́rẹ́ kù díẹ̀ kó kan ìlà. Mo yọ fílóòtù, mo tẹ apá irin rẹ̀ bí ìbú ẹ̀yìn ọ̀bẹ, mo dá a padà, ó sì kàn án. Ẹ̀gbọ́n fa ọ̀pá yọ, ó yíjú sí ìyá rẹ̀.

"Màmá, ẹ sọ fún un lóòótọ́."

"Mo kọ́kọ́ sọ fún ìwọ," ìyá rẹ̀ dá a lóhùn.

Ẹ̀gbọ́n ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún. Ó dọ̀bálẹ̀ lórí kọnkéré níbẹ̀, pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́. Nígbà tó dìde, ó rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà, ó pe ọkùnrin Abẹ́òkúta, ó ní kí wọ́n má bínú, ọkọ̀ náà kò sí fún títà mọ́. Àlájà ní kí n fún òun ní nǹkan funfun náà. Inú àpò awò ojú rẹ̀ ló fi í sí.

Ní Ọjọ́bọ̀ kẹrin lẹ́yìn ìyẹn, fóònù mi dún nínú sítọ́ọ̀.

"Ẹnjiníà, ó ti ń lọ sílẹ̀ o. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan pupa."

"Níbo lẹ wà?"

"Ìjù. Mo ti yà sílé epo."

"Ṣé ẹ̀rù ń bà yín?"

"Ó ń bà mí díẹ̀. Mo fi ọ̀pá wò ó láàárọ̀, ohùn àwọn méjèèjì ṣọ̀kan." Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń bi í pé mélòó ni kí òun dà sí i. "Dúró ná, ó ti kàn mí."

Ní ọ̀sán, ohùn kan wọlé láti Adó-Odò. Kì í ṣe ohùn Àlájà. Ohùn arúgbó ni, ó sún mọ́ fóònù jù, mo sì ń gbọ́ ife àti ṣíbí lẹ́yìn rẹ̀.

"Ṣé ìwọ ni wọ́n ní o tún mọ́tò yẹn ṣe? Mo gbọ́ ìró rẹ̀ láti orí títì. Kí ó tó yà, omi ti hó."